Ẹsẹ̀ tó ń jó lóru, tó ń kú tìpìrì lọ́sàn-án: báwo ni ká ṣe máa rìn kí Ojúde Ọba tó dé?

ỌmọÒkèAjé béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìyá ẹni ọdún 58 ni mo ń béèrè fún. Ọjà Òkè-Ajé n'Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti ń tajà, orí àpótí ni wọ́n sì ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn. Metformin àti glibenclamide ni wọ́n ń lò, dókítà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pregabalin kún un nítorí ẹsẹ̀. Lóru, ẹsẹ̀ méjèèjì á máa jó wọn bí ẹni tó tẹ ata, aṣọ ìbora ò gbọdọ̀ kàn án. Tó bá di ọ̀sán, á tún kú tìpìrì, wọ́n ní ó dà bíi pé orí òwú làwọn ń tẹ̀. Kò sí egbò kankan. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn, kò sọ bí wọ́n ṣe máa rìn ín. Àwọn ará àdúgbò ní kí wọ́n sinmi ẹsẹ̀.

Ṣé ìrìn ò ní ba ẹsẹ̀ náà jẹ́ sí i? Ibo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀? Èyí tó tún wá le ni pé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn (ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí) ti yan bàtà fún Ojúde Ọba: onímú ṣóńṣó, gìgísẹ̀ rẹ̀ ga. Ó ku ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Wọn ò sì fẹ́ jókòó sílé lọ́jọ́ kẹta Iléyá tí ẹgbẹ́ wọn bá ń jó lọ síwájú Awùjalẹ̀.

FísíòRẹ́mọ dáhùn:

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ìdí ọ̀rọ̀ náà, torí ibẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ti ṣì í. Iṣan ìmọ̀lára tó gùn jù lára ni ṣúgà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀, tí á máa gòkè bọ̀ bí ẹni ń fa ìbọ̀sẹ̀ wọ̀. Iṣan tó bà jẹ́ yìí á wá máa ṣe àṣìṣe méjì pọ̀: á máa pariwo iná níbi tí iná ò sí, á sì dákẹ́ lọ́jọ́ tí ìṣó bá wọlé ní tòótọ́. Jíjó tó ń jó lóru ò fi hàn pé ìrìn ọ̀sán ti ṣe ẹsẹ̀ léṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìgbọ́ ìrora ò fi hàn pé àlàáfíà ni. Ojú ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tí àtẹ́lẹsẹ̀ ò lè ṣe mọ́.

Ẹni tí kò ní egbò, tó wọ bàtà tó bá a mu, tó sì ń rìn níwọ̀nba, kì í tìtorí ìrìn ní egbò ju ẹni tó jókòó lọ. Jíjókòó kalẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹran itan rọ, kí ṣúgà ga, kí ara má lè dúró déédéé.

Kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ jáde, ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta nílé.

Èkíní: kí ìyá di ojú. Ẹ fi orí ìka ìfábẹ̀là yín kan orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ́, bí ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má rìn ín. Mẹ́fà lẹ ó kàn: àtàǹpàkò, ìka àárín àti èyí tó kéré jù, lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ, kí wọ́n sọ "ọ̀tún" tàbí "òsì". Bí wọn ò bá gbọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ náà kò lè ṣọ́ ara rẹ̀ mọ́, gbogbo ohun tí a máa sọ nípa bàtà àti yíyẹ ẹsẹ̀ wò ti di dandan nìyẹn.

Èkejì: ẹ gbé àga tó dúró gbọn-in síbì kan, ẹ wọn mítà mẹ́ta síwájú rẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Kí wọ́n dìde, kí wọ́n rìn dé àmì, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n wá jókòó. Ìrìn wọn ojoojúmọ́ ni kí wọ́n rìn. Ẹ fi fóònù ka àkókò. Tó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣubú ò jìnnà sí wọn, wọn ò gbọdọ̀ dá rìn lójú títì.

Ẹ̀kẹta: kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wọn ìfúnpá wọn, kí wọ́n wá dìde dúró, kí ẹ tún un wọ̀n ní ìṣẹ́jú kan àti ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí tìsàlẹ̀ bá fi 10 wálẹ̀, dókítà ní láti gbọ́ kí eré ìdárayá tó bẹ̀rẹ̀, torí àtọ̀gbẹ lè ti dé iṣan tó ń darí ọkàn àti ìfúnpá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í làágùn dáadáa mọ́, oòrùn sì máa ń tètè mú un.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ilé ni. Àga tí ìjókòó rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 ni kí ẹ lò, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ògiri. Dídìde àti jíjókòó ló ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn ń ṣì ṣe jù. Wọ́n á na ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n á wá fi ọwọ́ ti ara wọn sókè. Ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn títí gìgísẹ̀ á fi bọ́ sẹ́yìn orúnkún díẹ̀, kí ọwọ́ wà lórí àyà, kí wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú á fi kọjá orúnkún, ìgbà náà ni kí wọ́n dìde. Tí wọ́n bá ń padà jókòó, kí wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ìdí tó kan àga. Kí wọ́n má já ara wọn lulẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ sé èémí, torí ìfúnpá. Kí wọ́n ṣe márùn-ún, kí wọ́n sinmi ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tún ṣe márùn-ún.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n di tábìlì mú, kí wọ́n gbé gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀ nígbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n máa fa orí ẹsẹ̀ sókè, kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ogún ìgbà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n má jókòó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láìdìde, ì báà ṣe ká dìde to ẹrù nìkan.

Ti apá àti ẹ̀yìn, ẹ ra túbù kẹ̀kẹ́ àlòkù lọ́wọ́ afúntáyà, ẹ gé mítà kan ààbọ̀ níbẹ̀, ẹ fi kọ́ irin ojú fèrèsé, kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa fà á wá sí ìhà bí ẹni ń tukọ̀. Mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ méjèèjì má tẹ̀ léra. Kí ẹ tó fà á, ẹ nà án wò lójú oòrùn. Èyí tó bá ti ń sán, ẹ sọ ọ́ nù, ojú ló máa ń fò bá.

Ìdúró: kí wọ́n wọ igun yàrá, kí ògiri wà lọ́tùn-ún àti lósì, kí àga wà níwájú. Kí wọ́n fi gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kan kan orí ọmọ ìka èkejì, ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ó máa lé díẹ̀díẹ̀ títí dé 30. Ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan mọ́, ojú ló fi ń dúró. Ìdí nìyẹn tó fi ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí iná bá lọ lójijì, tó sì fi ń ṣubú ní balùwẹ̀ nígbà tó bá fi ọṣẹ bo ojú. Kí wọ́n máa jókòó sórí àpótí wẹ ojú, kí tọ́ọ̀ṣì sì wà lẹ́bàá ìrọ̀rí.

Ìrìn bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta mọ ìwọ̀n: ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n lè rìn kí ara tó ní "ó tó"? Ká ní ó jẹ́ 6, 9 àti 6. Àròpọ̀ rẹ̀ 21. Ẹ fi mẹ́ta pín in, 7. Ẹ má fi 7 bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ mú ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, ìyẹn bíi ìṣẹ́jú 5 ààbọ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 5. Ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ nìyẹn, kí ẹ máa fi ìṣẹ́jú kan kún ìrìn kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, á ti di 10 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀: ìṣẹ́jú 150 tí àwọn dókítà ń béèrè ti pé. Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, á jẹ́ 13. Kí ọjọ́ méjì má tẹ̀ léra láìrìn. Bí wọ́n bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò lè kọrin, eré wọn tó.

Ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́ ni ọjọ́ tí ara bá yá. Wọ́n á rìn láti Òkè-Ajé dé Ìtòrò, wọ́n á fi ẹsẹ̀ padà, wọ́n á wá fi ọjọ́ mẹ́ta dùbúlẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹ kọ sílẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, lọ́jọ́ dáadáa àti lọ́jọ́ burúkú. Ẹ fi nọ́ńbà láti 0 dé 10 díwọ̀n ìrora. Bó bá fi méjì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn ìrìn, tí kò sì wálẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ tún máa bá a lọ. Ẹ má dá a dúró pátápátá.

Ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú ni kí wọ́n ti rìn: pápá Dipo Dina, pápá ilé ìwé, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí. Kí wọ́n sá fún òkúta wẹ́wẹ́ àti ọ̀dà títì ọ̀sán gangan. Kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, ló dáa jù.

Nọ́ọ̀sìÌpẹru dáhùn:

Físíò, ẹ ṣeun, gbogbo rẹ̀ ló tọ́ àfi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ìyá ń lo glibenclamide! Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jáde ní kùtù láìjẹun.

Metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà lulẹ̀. Glibenclamide yàtọ̀. Ṣe ló ń fipá mú ẹ̀yà ara tó ń ṣe insulin pé kó máa tú u jáde, yálà oúnjẹ wà ní ikùn tàbí kò sí, agbára rẹ̀ sì lè wà lára di ọjọ́ kejì. Ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́ náà á tún máa fa ṣúgà. Méjèèjì á pàdé lójú títì. Òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, àyà lílù kìkì, ìsọkúsọ: àmì rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí iṣan tó ń darí ọkàn bá sì ti bà jẹ́, àmì wọ̀nyí lè má yọ, òòyì àti ìṣubú nìkan lẹ ó rí.

Nítorí náà, ẹ yẹ ṣúgà wò kí wọ́n tó rìn. Bó bá wà nísàlẹ̀ 90 (mg/dL ni gbogbo nọ́ńbà ṣúgà níbí), kí wọ́n jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí búrẹ́dì bíbẹ̀ kan kí wọ́n tó jáde. Láàárín 90 sí 250, kí wọ́n máa lọ. Bó bá ju 250 lọ, tí òùngbẹ, èébì tàbí àárẹ̀ sì wà níbẹ̀, kò sí ìrìn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n lọ yẹ ìtọ̀ wò. Bó bá ju 300 lọ, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n pe ilé ìwòsàn wọn.

Tó bá wá já sísàlẹ̀ 70, ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin ṣúgà nínú omi, kí wọ́n mu ún lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un yẹ̀ wò. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún un fún wọn. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó jẹun. Gaàrí àti ẹ̀pà ò ṣiṣẹ́ níbí, wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Kí ṣúgà wà ní ìdí ìró tàbí nínú pọ́ọ̀sì ní gbogbo ìgbà, kí ẹni tí wọ́n jọ ń rìn sì mọ ibi tó wà.

Ìgbà tó dáa jù ni bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Ìrìn mẹ́ta tí físíò pín yẹn bá oúnjẹ mẹ́ta mu régí: lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ kí wọ́n tó gba ọjà lọ, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán lábẹ́ ìbòòji àárín ìsọ̀, àti lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ nínú ọgbà. Bó bá jẹ́ ìkọ́kọ́rẹ́ tàbí ẹ̀bìrìpò ni wọ́n jẹ, tí ṣúgà rẹ̀ máa ń fò sókè, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn á fà á wálẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ tí ìrìn bá pọ̀ ju ti àná lọ, ẹ yẹ ṣúgà wò kí wọ́n tó sùn. Bó bá wà nísàlẹ̀ 100, kí wọ́n jẹ nǹkan díẹ̀, torí ìrìn ọ̀sán lè já a lóru.

Tí ààwẹ̀ bá dé, dókítà ni yóò yí àkókò oògùn padà. Kí ẹ ka àṣámù (ìrun òru ààwẹ̀) sí eré ìdárayá ọjọ́ náà, kí wọ́n má tún rìn mọ́.

Yíyẹ ẹsẹ̀ wò: lẹ́yìn gbogbo ìrìn. Ẹ gbé dígí sílẹ̀, kí wọ́n gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sí òkè rẹ̀, lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀. Kí wọ́n ya ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni ojú pupa, ibi tó wú omi, awọ tó la, awọ líle tó ní àmì dúdú nínú (ẹ̀jẹ̀ ni àmì yẹn, egbò ti wà lábẹ́ rẹ̀). Ẹ má fi bíléèdì gé kókó ẹsẹ̀. Lẹ́yìn àlùwàlá, kí wọ́n nu àárín ọmọ ìka gbẹ. Fasilíìnì wà fún àtẹ́lẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀, kí ó má dé àárín ọmọ ìka, ibẹ̀ á rà. Ẹsẹ̀ lásán ò sí mọ́, kódà nínú yàrá. Ní mọ́sáláṣí tàbí ní ìjọ tí wọn kì í ti í wọ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ funfun tó nípọn ni kí wọ́n wọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi egbò bá wà, á hàn lára funfun. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ jọ̀ọ́.

FísíòRẹ́mọ: Mo gbà, nọ́ọ̀sì. Ẹ fi tiyín rọ́pò gbólóhùn mi yẹn.

AránbàtàÌtòrò dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí aránbàtà náà dá sí i, torí ọwọ́ wa lọ́pọ̀ egbò yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bàtà onímú ṣóńṣó yẹn, ẹ gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí bí a ṣe lè nà án tí ọmọ ìka kékeré ò ní fara gbá nínú rẹ̀. Gìgísẹ̀ gíga á tún da gbogbo ìwúwo ara sórí iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, ibi tí egbò àtọ̀gbẹ fẹ́ràn jù. Àwọ̀ àti aṣọ ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń wò lókèèrè. Ẹ gba àjákù aṣọ tàbí awọ náà lọ́wọ́ alága ẹgbẹ́, a ó fi bo bàtà mìíràn tí imú rẹ̀ rí róbótó. Lójú fótò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Bí a ṣe ń wọn ẹsẹ̀ irú wọn: lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, torí ẹsẹ̀ máa ń wú tọ́jọ́ bá lọ. Kí wọ́n dúró lórí páálí, kí wọ́n má jókòó. Ẹ gbé pẹ́ńsù dúró ṣánṣán, ẹ fà á yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká, ẹ lo èyí tó tóbi. Ẹ gé páálí náà, ẹ tì í sínú bàtà tí ẹ fẹ́ rà. Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ká, bàtà náà ti fún nìyẹn, ẹ má gbọ́ ẹni tó ní "á gbà tó bá yá". Inú bàtà gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà kan sí kan ààbọ̀ gùn ju ọmọ ìka tó gùn jù lọ.

Kí gìgísẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀. Kí ó ní okùn tàbí bọ́kù lẹ́yìn. Páàmù àti sílípáàsì olókùn àárín ọmọ ìka ò dáa fún wọn, ọmọ ìka á máa há mọ́ ọn kó má bàa bọ́, okùn á sì máa gé àárín ìka wọn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Fómù rírọ̀ tó nípọn tó mílímítà mẹ́fà ni kí ẹ tẹ́ sínú, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé fómù ń gba àyè. Òun àti ìbọ̀sẹ̀ ni kí ẹ fi wọ bàtà wò kí ẹ tó sanwó.

Ìṣó! Ẹ sọ fún aránbàtà yín pé gọ́ọ̀mù àti òwú nìkan lẹ fẹ́. Ìṣó tí a kàn mọ́ gìgísẹ̀ á dùn ún wò lónìí. Lóṣù méjì, tí awọ bá ti jẹ, orí rẹ̀ á yọ sókè. Kí wọ́n máa ti ọwọ́ bọ inú bàtà títí dé imú kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, lójoojúmọ́, kí wọ́n sì gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹ má fojú di òkúta kékeré tàbí ìdérí ìgò.

Bàtà tuntun kì í dé ọjọ́ òde kó tó kan ẹsẹ̀. Ọjọ́ kìíní, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ilé. Ẹ bọ́ ọ, ẹ wo ẹsẹ̀. Bí ibì kan bá pọ́n, tí kò sì parẹ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ gbé bàtà padà wá ká tú ibẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan, ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un lọ́jọ́ kejì. Ó kéré tán, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ fún un kí Iléyá tó dé.

ỌmọÒkèAjé:

Ẹ ṣeun gan-an o. Mo tún ní ìbéèrè kéékèèké: wọ́n máa ń ki ẹsẹ̀ bọ omi gbóná oníyọ̀ lálẹ́, wọ́n sì ń fi ìpara gbígbóná ra á. Ẹnì kan tún ní kí wọ́n máa gba abẹ́rẹ́ fítámì B lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n sì máa ń gun ọ̀kadà lọ sọ́jà.

ApòògùnṢàgámù dáhùn:

Omi gbóná: rárá. Ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ nǹkan ò lè sọ fún wọn pé awọ ti ń bó. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni, ìgúnpá ni kí wọ́n fi tọ́ ọ wò, kì í ṣe ẹsẹ̀. Iyọ̀ á mú awọ gbẹ, á sán. Ìpara gbígbóná, kí wọ́n fi sílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó ń jó ni abẹ́rẹ́ fítámì wúlò fún. Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà ni àyẹ̀wò fítámì B12, torí metformin tí èèyàn bá lò fún ọ̀pọ̀ ọdún lè dín in kù lára, àìtó rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún B6 tó wà nínú àpòpọ̀ yẹn: tó bá pọ̀ jù tó sì pẹ́, òun náà ń fa ẹsẹ̀ jíjó. Oògùn wá ń dá àrùn sílẹ̀ nìyẹn.

Pregabalin máa ń mú oorun àti òòyì wá, àgàgà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tàbí tí wọ́n bá fi kún un. Ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má fi kún ìrìn, kí wọ́n di nǹkan mú tí wọ́n bá ń ṣe ìdúró. Ó tún lè mú ẹsẹ̀ wú, nítorí náà ẹ tún ẹsẹ̀ wọ̀n kí ẹ tó ran bàtà. Wọn ò gbọdọ̀ dédé dá a dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń dín in, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan. Ibuprofen àti diclofenac kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ìrora iṣan ìmọ̀lára lọ́wọ́, wọ́n sì ń ba kíndìnrín alátọ̀gbẹ jẹ́.

Ọ̀kadà: ẹ kíyè sí síléńsà. Ó lè jó ojúgun wọn kí wọ́n má mọ̀ títí dilé. Kí ìró balẹ̀ dáadáa, kí wọ́n gun ún láti òsì, kí ẹ sì yẹ ojúgun ọ̀tún wò pẹ̀lú ẹsẹ̀.

Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́Òsósà dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un, torí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú là ń sọ. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ jíjó ni ti ṣúgà. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa àìsàn iṣan kan ní agbègbè wa: ẹsẹ̀ á máa jó, á máa kú, ìrìn á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ojú á máa ṣú, etí á máa di. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2000 lórí Òsósà, ìlú Hubert Ògúndé, rí i lára bí ẹni mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀gẹ́ tí májèlé rẹ̀ ò jáde tán, pẹ̀lú àìjẹ ẹja àti ẹran tó, ni wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀.

Ohun tí èyí wúlò fún: bí ojú tàbí etí ìyá bá ń dínkù pẹ̀lú ẹsẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ má kàn gbé gbogbo rẹ̀ lé àtọ̀gbẹ lórí. Gaàrí tí wọ́n bá rìn tí wọ́n sì jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó yan án ni kí wọ́n máa jẹ. Èyí tí wọ́n fi ìkánjú yan lọ́jọ́ kejì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń sáré owó.

OlójúKan béèrè:

Ẹ foríjì mí pé mo já wọ ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ojú ni ìrora iṣan wà ńkọ́? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, á kàn ta bí iná mànàmáná tí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ.

FísíòRẹ́mọ:

Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Carbamazepine ni oògùn tí wọ́n sábà ń kọ́kọ́ fún irú rẹ̀, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Eré ìdárayá kò ní í ṣe léèmọ̀. Atẹ́gùn, ìfọwọ́kàn àti jíjẹ nǹkan líle ló ń tan án. Ẹ rìn nínú ilé tàbí nínú gbọ̀ngàn, ẹ fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà tí ẹ bá jáde, ẹ jìnnà sí ọ̀kadà. Oògùn náà ń mú òòyì wá, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré orí àga. Ẹ ṣí ojú ewé tirẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀.

ỌmọÒkèAjé:

A ti ṣe àyẹ̀wò. Ọmọ ìka mẹ́ta nínú mẹ́fà ni wọn ò gbọ́. Àga sí mítà mẹ́ta gba ìṣẹ́jú àáyá 14. Ìfúnpá kò já. Alága ẹgbẹ́ ti fún wa ní àjákù aṣọ.

FísíòRẹ́mọ:

Ó dáa. Pẹ̀lú 14 yẹn, ẹ yí ètò padà díẹ̀: ìdúró igun yàrá di ojoojúmọ́, dídìde lórí àga lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ìrìn ọ̀sẹ̀ kẹta, inú ọgbà nìkan, kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ tún un kà ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹrin. Bó bá ti wá sí abẹ́ 12, kí wọ́n bọ́ sí pápá. Bí kò bá tíì wálẹ̀, ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka físíò ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọlábísí Ònábánjọ ní Ṣàgámù, kí wọ́n wọn ọ̀pá ìtìlẹ̀ fún wọn. Ọ̀pá lọ́jọ́ Ojúde Ọba kì í ṣe ìtìjú, ẹ fi aṣọ ẹgbẹ́ bò ó.

Lọ́jọ́ náà: kí wọ́n jẹun, kí wọ́n yẹ ṣúgà wò, kí mọ́tò já wọn sí ibi tó bá súnmọ́ pápá náà jù. Kí wọ́n jókòó títí ó fi kan ẹgbẹ́ wọn; ìdúró wákàtí méjì nínú oòrùn pẹ̀lú léèsì ló ń pa èèyàn, ijó gan-an kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí bàtà kejì wà nínú báàgì, kí wọ́n pààrọ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì. Omi, agbòòrùn, ṣúgà. Tí wọ́n bá délé, kí wọ́n fi dígí wo ẹsẹ̀ kí wọ́n tó jẹun. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n rin ìdajì iye ìṣẹ́jú tó ti mọ́ wọn lára.

Nọ́ọ̀sìÌpẹru:

Èyí ló ku, ẹ kọ ọ́ sára ògiri: bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá dédé wú, tó pọ́n, tó sì gbóná ju èkejì lọ, ì báà má dùn wọ́n púpọ̀, ìrìn ti parí lọ́jọ́ náà. Wọ́n á ní "ó fẹsẹ̀ kọ ni", wọ́n á fẹ́ pe ẹni tó ń wọ́ra. Kò gbọdọ̀ sí wíwọ́. Ó lè jẹ́ pé egungun inú ẹsẹ̀ ti ń rún, gbogbo ìgbésẹ̀ kan ló sì ń rún un sí i. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹsẹ̀ yẹn má tẹ ilẹ̀, kí ẹ sọ pé alátọ̀gbẹ ni. Ẹ̀rọ àyàwòrán egungun lè má tíì rí nǹkan lọ́jọ́ kìíní, nítorí náà bí wọ́n bá ní kò sí nǹkan, tí ẹsẹ̀ náà ṣì gbóná, ẹ padà lọ.

AránbàtàÌtòrò: Ẹ gbé páálí ẹsẹ̀ wá lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, lẹ́yìn aago mẹ́rin. Kí ìyá náà wá fúnra wọn, páálí nìkan ò ní sọ bí òkè ẹsẹ̀ ṣe ga tó fún mi.